Wọn Ò Ní Sọ Pé Ó Kú

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi wọ ilé gogoro kan ní Hong Kong ná. Ẹ wọ lífítì. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ògiri rẹ̀: 1, 2, 3, 5. Ẹ tún un wò dáadáa, ojú yín kọ́ ló ń ṣe yín. Nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, 4 ò sí, 14 ò sí, 24 náà ti sá lọ. Àjà kẹrin fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ o. Àwọn èèyàn ń gbé inú ẹ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń bímọ. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni ò gbọdọ̀ jáde síta.

Ohùn ló fà á. Ní èdè Cantonese, èyí tí wọ́n ń sọ ní Hong Kong, ní Macau àti ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, sei ni wọ́n ń pe mẹ́rin. Sei náà ni wọ́n ń pe kú. Ohùn ló ya méjèèjì sọ́tọ̀: ti mẹ́rin dúró jẹ́ẹ́ sí àárín, ti ikú gbéra nílẹ̀, ó ń gòkè lọ. Àwa tí wọ́n ti fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ jẹ níyà ní kíláàsì, ẹ ò ní bá mi jiyàn pé ohùn kékeré lè ba odidi ọjọ́ jẹ́. Mẹ́ta péré sì ni tiwa, tiwọn mẹ́fà. Nítorí náà, mi ò ní fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ wọn níbí, ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá sì máa bá ọmọ Hong Kong ṣọ̀rẹ́, kó má fún un ní aago lẹ́bùn láéláé. Kéèyàn fúnni ní aago, sung zung ni. Kéèyàn dúró ti òbí ẹ̀ títí èémí fi bọ́, kó sin ín dé òpin, sung zung ni. Ti èyí ò tiẹ̀ ní ìyàtọ̀ ohùn kankan nínú.

Bí ọ̀rọ̀ ikú bá wá já bọ́ lẹ́nu ọmọdé ńkọ́, pàápàá lásìkò ọdún tuntun wọn? Ìyá á yára pariwo "Choi!" Á ní kó tutọ́ sílẹ̀, kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Òun fúnra ẹ̀ á fi "daai gat lei si" lé e, ìyẹn oríire ńlá àti èrè, kí ibi tó ti gbéra ńlẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ẹ̀rín pa mí, àfi bíi pé màmá mi àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ta ìka yí orí ẹ̀ ká rí, tó ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", irú wọn ò nílò tíṣà fún choi.

Bí àgbàlagbà bá kú, gwo san ni wọ́n á sọ: ó ti kọjá ara. Àbí kí wọ́n ní zau zo, ó ti lọ. Àbí m hai dou, kò sí níbí mọ́. Ìyẹn ti èyí tó ti ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ti èyí tó ń bọ̀, bí ọmọ bá fẹ́ bèèrè ibi tí bàbá ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní "bí ẹ bá kú"? Baak nin gwai lou ni yóò sọ, tó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ẹ bá padà sínú ogbó. Ì báà jẹ́ pé bàbá náà ti pé 97, ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì ni.

Aṣọ tí wọ́n fi ń wọ òkú, aṣọ ẹ̀mí gígùn ni. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta pósí, coeng saang dim, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀mí gígùn. Ní ti pósí gan-an, gun coi ni wọ́n ń pè é. Gun tún dún bí ìjòyè ọba, coi tún dún bí owó, ni àwọn kan bá ń gbé pósí kékeré tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sórí tábìlì, kí ipò àti owó lè wọlé wá bá wọn. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò: pósí lórí tábìlì ọ́fíìsì!

Ẹni tó bá lọ síbi ìsìnkú á gba àpò ìwé funfun kan lẹ́nu ọ̀nà. Súìtì kan wà nínú ẹ̀, owó ẹyọ kan wà níbẹ̀, bébà inujú wà níbẹ̀. Gat ji lorúkọ ẹ̀, ẹ̀bùn oríire. Ẹ gbọ́dọ̀ lá súìtì náà, kẹ́ ẹ sì ná owó náà kí ẹ tó délé yín. Gat yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ilé tó ṣófo. Hung ni wọ́n ìbá máa pè é, torí hung ni òfìfo, àmọ́ hung tún ni ibi, hung sì ni ilé tí wọ́n ti pa èèyàn tàbí tí èèyàn ti pokùnso. Nítorí náà, bí onílé bá ń wá ayálégbé, gat uk ló ń kọ síta, ilé oríire. Ohun tó ń sọ ò ju pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ lọ.

Bó bá wá jẹ́ arúgbó kùjọ́kùjọ́ ló lọ, tó rí ọmọ, tó rí ọmọ ọmọ, siu song nìyẹn, òkú ẹ̀rín. Wọ́n tiẹ̀ lè bù ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí ẹ̀ nínú ìwé ìkéde: ọ̀kan ti ọ̀run, ọ̀kan ti ilẹ̀, ọ̀kan ti èèyàn. Ó kú ní 88, wọ́n á kọ 91 síbẹ̀.

Títí dé ibí yìí, mo rò pé mo ti mọ ibi tí àròkọ mi ń lọ. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé àwọn èèyàn yìí bọ̀wọ̀ fún àgbà, ká kan sáàrá sí wọn, ká lọ jẹun. Ni mo bá pàdé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.

Maai haam aap daan. Ó ti lọ ta ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa ẹyin náà mọ́, wọ́n á fi amọ̀ tàbí eérú bò ó, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn kan ní torí pé erùpẹ̀ bo ẹyin bó ṣe bo òkú ni. Àwọn mìíràn ní ó wà lára oúnjẹ tí wọ́n máa ń gbé síwájú òkú. Èyí tó wù yín ni kẹ́ ẹ mú, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń sin bàbá ẹ̀. Òmíràn tún ni gwaa: ó ti di bàrà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ tó bá kọṣẹ́ náà. Laai caai: ó ń wọ́ igi ìdáná, igi pósí ni wọ́n ń dọ́gbọ́n bú. Deng zo: wọ́n ti kàn án níṣòó. Hoeng zo: ó ti di tùràrí. Hoeng yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Hong Kong fúnra ẹ̀, Èbúté Olóòórùn Dídùn. Mi ò tíì rí ìlú mìíràn tí ìdajì orúkọ ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá òkú lápàárá.

Lẹ́yìn yẹ̀yẹ́ ni èpè. Puk gaai: ṣubú dojúbolẹ̀ sójú títì. Lónìí, ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ á sọ ọ́, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò á sọ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ á fi pe ara wọn. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá hú gbòǹgbò ẹ̀, ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé kí ojú títì ni kí o kú sí. Èyí tó tún le jùyẹn lọ ni haam gaa caan: kí ṣọ́bìrì kó gbogbo ilé rẹ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọgbọ́n gbé e kalẹ̀ á ní haam gaa fu gwai, kí gbogbo ilé rẹ lówó kó sì níyì. Ẹ má ṣàmín o. Èpè ni.

Ohun tó dá mi dúró níbí ni pé sei gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le jù lẹ́nu wọn. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ Cantonese, á ní haak sei ngo, ẹ̀rù pa mí kú. Wọ́n ń fi sei jẹun bí àwa náà ṣe ń ní ebi ń pa wá kú. Èyí tí wọ́n ń jà fún, tó lè dá ọjọ́ rú, ni èyí tó dárúkọ títì, àti èyí tó fọwọ́ kan àwọn ará ilé. Ojú títì: kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ: ta ló máa kù tó máa sin ẹ́? Mo wá padà lọ wo àwọn ọ̀rọ̀ dídùn yẹn. Ọgọ́rùn-ún ọdún, òkú ẹ̀rín, ẹ̀bùn oríire, gbogbo wọn ló ń béèrè pé kí ẹnì kan wà láàyè láti sọ wọ́n. Òkú tí ò léèyàn ò ní àdàpè.

Ìtàn wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní 1841 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù Hong Kong. Àwọn ọkùnrin láti Guangdong bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ibẹ̀: agbẹ́kùúta, aláàárù, atukọ̀. Púpọ̀ wọn fi ìyàwó sílẹ̀ ní abúlé. Tai Ping Shan ni wọ́n há ara wọn mọ́, àdúgbò tí tai ping inú orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí àlàáfíà ńlá. (Mọ́ṣúárì náà, tai ping gaan ni wọ́n tún ń pè é, yàrá àlàáfíà ńlá. Ẹ fi í síkùn.) Bí ayálégbé bá ti ń kú lọ, onílé ò ní gbà kó kú sínú ilé òun, torí ta ni yóò tún gbà á háyà? Ọsibítù ìjọba wà, àmọ́ dókítà òyìnbó tó ń la òkú ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ní 1851, àwọn ará ìlú kọ́ gbọ̀ngàn kékeré kan sí òpópónà Tai Ping Shan, Kwong Fook I-tsz. Pátákó orúkọ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹni tó bá kú sí Hong Kong tí ò lẹ́bí níbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sára pátákó, wọ́n á gbé e sí gbọ̀ngàn, kí ẹnì kan lè máa sun tùràrí fún un. Àánú nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó yá, kò mọ sí orúkọ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé alààyè wá síbẹ̀, aláìsàn tí kò níbi tí ó máa kú sí. Ní 1869, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ibẹ̀, wọ́n bá ẹni tó ń kú lọ àti ẹni tó ti kú nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú ìdọ̀tí. Ìtìjú náà pọ̀. Ìjọba ṣòfin ní 1870, ó yọ̀ǹda ilẹ̀ àti owó, àwọn oníṣòwò ọmọ Ṣáínà dá tiwọn sí i, ọsibítù Tung Wah sì ṣí ní 1872, níbi tí wọ́n ti ń fi egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà wo aláìsàn.

Mi ò sọ pé inú gbọ̀ngàn yẹn ni puk gaai ti jáde o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá bá ibẹ̀ kọjá ní 1869, tó sì délé, tó rí ẹni tó fẹ́ ṣépè fún, kò ní wá ọ̀rọ̀ jìnnà.

Àwọn tó dúró sí Hong Kong tiẹ̀ sàn. Wọ́n rí wúrà ní California ní 1848, ni àwọn ọmọ Guangdong bá sọ ibẹ̀ ní Gam Saan, Òkè Wúrà. Wọ́n kọjá sí Australia, wọ́n kọjá sí New Zealand. Ọkùnrin kan á lọ, á ní ọdún mẹ́ta, á lo ogún. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn ẹ̀ ò ju pé kí wọ́n sin òun síbẹ̀ kí koríko hù lé òun lórí láìsí ọmọ tó máa wá gbálẹ̀ ibẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ ìlú ìbílẹ̀, tí wọ́n ń dáwó sí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, wọ́n á sin ín síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á hú u, wọ́n á fọ egungun ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á kà á kó pé, wọ́n á kọ orúkọ àti abúlé ẹ̀ sára àpótí, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Zap gwat ni iṣẹ́ yẹn, ṣíṣa egungun. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọ̀wọ̀ fún un á ní zap gam, ṣíṣa wúrà. Ìkòkò tí egungun ń wọ̀ ní ìkẹyìn, gam taap, ilé ìṣọ́ wúrà. Ọkùnrin tó lọ wa wúrà tí ò rí ti ọmọ ẹ̀ mú bọ̀, òun fúnra ẹ̀ ni wúrà tó wọlé.

Hong Kong ni gbogbo ọkọ̀ náà ń gúnlẹ̀ sí, Tung Wah ló sì ń gba òkú. Ní 1899, wọ́n kọ́ ilé kan sí Sandy Bay tí òkú máa ti dúró de ẹbí ẹ̀ tàbí ọkọ̀ tó máa gbé e délé. Ji zong ni wọ́n pè é, bí ẹni tó ní abúlé oore. Yàrá kọ̀ọ̀kan kún fún pósí àti àpótí egungun láti ìdí ayé gbogbo.

Ọkọ̀ kan wà tí kò débẹ̀. Ventnor lorúkọ ẹ̀. Ó kúrò ní Wellington ní New Zealand ní oṣù kẹwàá 1902, ó gbé òkú 499. Òkú Choie Sew Hoy wà lára wọn, oníṣòwò ńlá ní Dunedin tó jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló ṣáájú ẹgbẹ́ tó ń kó òkú lọ sílé, tó sì kú ní 1901. Ọkọ̀ náà forí sọ àpáta, ó rì létí Hokianga ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Alààyè 13 kú. Nígbà tó yá, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ jáde sí etíkun. Àwọn Māori ìlú náà, Te Roroa àti Te Rarawa, ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n kó wọn, wọ́n sì sin wọ́n sí ilẹ̀ tiwọn. Baba sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí àwọn ọmọ Ṣáínà tó ní ìtàn náà tó wá gbọ́. Ní 2021, wọ́n ṣí ohun ìrántí kan fún àwọn òkú náà ní Opononi, létí Hokianga.

Ti Kúbà kàn wá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan yà síbẹ̀. Láàárín 1847 àti 1874, ọmọ Ṣáínà tó lé ní 120,000 ni wọ́n kó lọ sí Kúbà pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ, púpọ̀ wọn láti Guangdong. Inú oko ìrèké kan náà ni wọ́n kó wọn sí pẹ̀lú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, àwọn Lukumí. Ní 1874, ìjọba Ṣáínà rán àwọn aṣojú lọ gbọ́ tẹnu wọn, ẹ̀rí 1,176 ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ohun tí àwọn kan ráhùn sí nínú ẹ̀ ju ẹgba lọ. Wọ́n ní kò sí pósí, kò sí sàréè, wọ́n ní wọ́n ń jó egungun òkú àwọn mọ́ ti màlúù di èédú láti fi sẹ́ ṣúgà kó funfun. Níbi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá ti ń jáde, ta ló ráyè gwo san? Ní Kúbà yẹn náà ni Gwaan Gung, jagunjagun olójú pupa tí wọ́n ń bọ ní Guangdong, ti di San Fan Con, tí àwọn èèyàn sì ní òun àti Ṣàngó ò yàtọ̀. Ìtẹ́ òkú tiwọn gan-an, ó di 1893 kí wọ́n tó rí i ní Havana.

Lẹ́yìn 1949, ọ̀nà Ṣáínà dí, egungun ò lè kọjá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn wà ní Sandy Bay láìsí ẹni tó wá bèèrè wọn. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Nínú ìtẹ́ òkú ìjọba ní Hong Kong fúnra ẹ̀, ilẹ̀ ò tó, ọdún 6 ni wọ́n ń fún pósí kí ẹbí tó wá ṣa wúrà wọn kúrò.

Bàbá mi ní àbúrò kan tó kú sí òkè òkun nígbà tí mo wà ní ṣẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tó pè wá lórí fóònù ò sọ pé ó kú. Ó ní, "Ẹ ní kí Dádì jókòó ná." Owó tí wọ́n fi ń gbé òkú wá sílé, a ò rí i. Irun orí àti èékánná ni ẹnì kan mú bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, nínú àpò ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá bàbá mi, kòtò kékeré báyìí, wọ́n gbàdúrà, a sì jẹun. Títí di òní, màmá mi àgbà kì í sọ pé ọjọ́ tí a sin ín. "Ọjọ́ tọ́mọ mi dé" ló ń pè é.